Mummy Tó Ń Jókòó Lábẹ́ Igi ní Pápá Baseball Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe kó bá mi ní pápá baseball. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ náà o!

Tọ́ní, ọmọ mi obìnrin, ń gbá baseball nínú lígì kékeré kan ní àdúgbò wa, ní Stockbridge, ní Amẹ́ríkà níbí. Kì í ṣe lígì ńlá rárá. Pápá kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wọ aṣọ búlúù.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, n ò mọ nǹkan kan nípa baseball. Kí ló dé tí wọ́n ń sáré? Kí ló tún dé tí wọ́n dúró? Màmá àgbà kan tó jókòó lábẹ́ igi ló pè mí, ó ní, "Baby, wá síbi, kí oòrùn má yan ẹ́ gbẹ." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, dúdú bíi tèmi, ó sì ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ṣé kí n wá máa pè é lórúkọ ni? Ká má rí i! Mummy ni mò ń pè é láti ọjọ́ náà.

Gbogbo Sátidé, èmi ni mò ń gbé àga rẹ̀ láti inú mọ́tò. Mo máa ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un, òun náà a sì máa sọ ìtàn fún mi.

Ẹ ò ní gbà gbọ́: òun ló dá lígì yẹn sílẹ̀! Nígbà táwọn ọmọ rẹ̀ kéré, ó mú wọn lọ sí pápá kan níbòmíràn, wọ́n ní àyè ti kún. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, pé torí àwọ̀ wọn ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ tọrọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ṣán igbó ibẹ̀. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ yanrìn sí ni wọ́n fi ṣe béèsì táwọn ọmọ ń sáré lọ tẹ̀. Ó rẹ T-shirt funfun sínú aró búlúù nínú báfù ilé rẹ̀, torí aró yẹn nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí òógùn bo àwọn ọmọ, gbogbo ara wọn di búlúù! Tó bá ti dé ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Coach pe àwa òbí jọ ní pápá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pẹ́ tó kó dé àdúgbò. Wọ́n fẹ́ gbé pátákó kan dúró, kí wọ́n kọ ìtàn lígì sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ń ṣe pátákó náà fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tó máa kọ. Coach ní òun ti béèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ ìdí tí aṣọ fi jẹ́ búlúù. Ó ní òun máa kàn kọ "àwọn ará àdúgbò."

Kí wọ́n pa orúkọ obìnrin yìí rẹ́ báyẹn? Mo nawọ́ sókè.

"Mummy ni!"

"Mummy wo?"

"Mummy tó wà lábẹ́ igi yẹn!"

Coach wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá ẹ tó wá láti Nàìjíríà?"

Háà! Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Gbogbo wọn rò pé ìyá mi ni! Mummy, Mummy tí mò ń pè kiri ti sọ ọ́ di àlejò ní pápá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán. Wọ́n á kí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Èmi tí mò ń bọ̀wọ̀ fún un, èmi ni mo fi í pamọ́!

Mo sọ gbogbo ìtàn náà: igbó, àpò ìrẹsì, aró. Coach mú bírò. "Okay, kí lorúkọ rẹ̀?"

N ò mọ̀ ọ́n.

Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jókòó tì í! Tọ́ní, tẹ́nu rẹ̀ kì í gbélé, pariwo: "Mommy! O ò mọ name ẹ̀?" Ojú tì mí gan-an.

Mo rìn lọ sábẹ́ igi, mo lóṣòó ti àga rẹ̀. Mo ní, "Mummy, ẹ má bínú. Níbi tí mo ti wá, a kì í pe àgbà lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Ó ní níbi tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ ló máa ń béèrè orúkọ ẹ. "Mo ti ń rò ó pé bóyá o ò fẹ́ mọ̀ mí ni. Pé torí agbára mi ò gbé àga yìí mọ́ lo ṣe ń ṣàánú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára o! Mo bẹ̀ ẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Odessa ni, baby."

Coach ti dé ẹ̀yìn mi pẹ̀lú bírò rẹ̀. Mummy yíjú sí i, ó ní kó má yọ orúkọ Mummy kúrò lára pátákó o. Ó ní àwọn tó ń pe òun ní Odessa, òmíràn ti kú, òmíràn ti kó lọ. Mummy ni wọ́n ń pe òun nísinsìnyí.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé pátákó náà dúró. Tọ́ní ló kà á sókè: Odessa, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ló dá lígì yìí sílẹ̀. Òun ló rẹ aṣọ wa sínú aró búlúù. Mummy fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ti mọ́ínmọ́ín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ má bọ̀wọ̀ fún àgbà o. Mo ṣì ń pè é ní Mummy! Àmọ́ ọ̀wọ̀ tí kò béèrè ẹni tí èèyàn jẹ́ kò tíì pé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Aunty wo, Uncle wo lẹ ti ń kí láti ọjọ́ yìí tí ẹ ò mọ orúkọ wọn? Ẹ sọ ìtàn wọn fún wa nísàlẹ̀ níbí. Tẹ́ ò bá sì mọ orúkọ náà, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè. Mo lè dúró.