Ekùrọ́ Inú Agolo Monínúọlá

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún mẹ́ta, agolo mílíìkì mẹ́fà wà lójú fèrèsé ilé búrẹ́dì Monínúọlá ní Òkè-Ìlá, l'Ádòó-Èkìtì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn á rò pé òdòdó ló fẹ́ gbìn. Ekùrọ́ ló wà nínú wọn. Agolo kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Bí búrẹ́dì kan bá ti ọjà Ìgèdè padà láìtà, ekùrọ́ kan á bọ́ sínú agolo ọjọ́ náà. Tíṣà ni Monínúọlá kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í gba ohun tí kò bá tíì kà gbọ́.

Adébíyìí, awakọ̀ rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mọ̀mí, ṣé àdín lẹ fẹ́ máa yọ ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Orí rẹ ni n ó kọ́kọ́ fi pa."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń kúrò ní ẹ̀rín. Búrẹ́dì tó ń padà ti pọ̀ jù. Rẹ̀mílẹ́kún, opó kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà, ló ń bá a tà á ní Ìgèdè, kò sì níṣẹ́ mìíràn. Bí ọkọ̀ ò bá gba ibẹ̀ mọ́, ọjà rẹ̀ tú nìyẹn. Monínúọlá wo àwọn agolo náà títí. Ekùrọ́ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ní bí ọjọ́ kan ò bá burú ju èkejì lọ, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ni kò mọ̀ ọ́n tà. Mo máa ń rò ó pé bí a bá ṣe ka nǹkan ló ń yan ẹni tí a ó dá lẹ́bi fún wa.

Ní Fúráìdè kan, ó bá Adébíyìí wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè, kó lè sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún lójúkojú pé ọkọ̀ ò ní wá mọ́.

Èrò ò jẹ́ kí ọkọ̀ dé ìdí àtẹ. Àwọn ará oko ti kún ọjà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Tíṣà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n dá àwọn yìí lóhùn."

Àpótí tí Monínúọlá jókòó lé ò tíì gbóná tí búrẹ́dì fi tán. Bàbá kan dúró, ó fajú ro.

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé ọwọ́ òfo ni n ó gbé lọ bá àwọn ọmọ lóko?"

"Ó di ọjà mìíràn, bàbá."

Nígbà tí bàbá náà lọ tán, Monínúọlá bi í pé, "Ṣé báyìí ló máa ń rí?"

"Ọjọ́ mìíràn ni, mọ̀mí. Ọjọ́ mìíràn, eṣinṣin nìkan ní í bá mi jókòó. Mo tilẹ̀ ti gbààwẹ̀ sí i." Ó wolẹ̀. "Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ojú Adébíyìí ò lè pa àṣírí mọ́."

Ọjà ni Monínúọlá ń wò.

"Ìgbà wo lẹ ná ọjà kẹ́yìn?"

"Mọ́ńdè."

"Ìgbà wo lẹ ó tún ná an?"

"Túsìdeè."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Monínúọlá. Ìlú Ìyìn ni wọ́n bí i sí, ọjà sì ni ìyá rẹ̀ fi ń ka ọjọ́. Aago ilé ìwé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lù láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ló mú ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọjà ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ rìn. Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ló ń yà sí bí àlejò. Ọjọ́ títà àti ọjọ́ àìtà ti wá dàpọ̀ nínú gbogbo agolo.

"Ààwẹ̀ rẹ tó," ló wí. "Èmi ni mo fi ọjọ́ tíṣà ka ọjọ́ àgbẹ̀. Fún mi láyè kí n tún un kà."

Nígbà tó délé, ó da gbogbo ekùrọ́ náà nù, ó sì gbé agolo méjì kúrò. Mẹ́rin tó kù di ti ọjọ́ ọjà, ọ̀la ọjà, ọ̀tunla ọjà àti ọjọ́ tó ṣíwájú ọjà. Kí iṣu tuntun tó dé, agolo ọ̀la ọjà ti kún dẹ́nu. Ekùrọ́ ti ọjọ́ ọjà ò bo ìdí agolo. Lọ́jọ́ ọjà, Monínúọlá wá ń yan búrẹ́dì púpọ̀ sí i fún Ìgèdè. Lọ́la ọjà tí gbogbo ará Ìgèdè bá wà lóko, ọkọ̀ á yà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Adó.

Lọ́la ọjà kan, Adébíyìí gbé ewúra méjì wọlé.

"Rẹ̀mílẹ́kún ló fi rán mi lọ́jà àná, ó ní kí n kí yín. Ó ní òun náà ti dáko báyìí, kí ẹ má wá òun lọ́jà lónìí."

"Kò sẹ́ni tó ń wá a," ni Monínúọlá wí, ó sì gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀.