Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbísí àti Ilé Kẹwàá

Títí dòní, tí ẹ bá dé Nyanya tí ẹ béèrè ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ajá ṣe ìpàdé, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbísí ni, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Òun àti Fẹ̀yìntọlá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń kàwé gboyè dókítà, ń wádìí irú omi táwọn èèyàn ń mu. Òfin ọ̀gá ò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa ka ilé, èyí tó bá bọ́ sí ìkẹwàá ni kí wọ́n kàn. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ajá dúdú kan ló jókòó sẹ́nu géètì ilé kẹwàá, gbogbo eyín síta.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà sí ìkọkànlá," Fẹ̀yìntọlá bẹ̀bẹ̀. "Omi kan náà ni wọ́n á máa mu."

"Ta ló sọ fún ọ? Tá a bá ń fo gbogbo ilé tó lájá, ti àwọn tí ò lájá nìkan la ó kó délé, a ó wá máa pè é ní ti gbogbo Nyanya."

Ó fa òkúta kan, ó jókòó. Wákàtí mẹ́ta lòun àti ajá fi wo ara wọn. Nígbà tí onílé, Fuad tó ń ṣe wẹ́dà ní Idu, ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá àgbàlagbà tó wọ táì lẹ́nu géètì rẹ̀, ó figbe ta.

"Kai! Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ọ̀gá dáhùn. "Omi wo lẹ̀ ń mu?"

Ẹ má rò pé ẹnu iṣẹ́ nìkan ló ti ń ṣe báyìí o. Pásítọ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn gbàdúrà, òjò ọjọ́ ìkórè sì dá wáí. Ìjọ hó yèè. Ọ̀gá nawọ́ sókè: "Pásítọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ìsọdá títì tí wọn ò gbàdúrà ńkọ́, ṣé òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ ni?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè é síbi ìjẹ́rìí mọ́.

Èyí tó ṣe nílé tiẹ̀ tún wá pabanbarì. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Mofẹ́olúwa, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ òun dùn ju ti Bọ́sẹ̀ àbúrò òun lọ. "Báwo la ṣe mọ̀?" ni ọ̀gá wí. Ó bu ọbẹ̀ méjèèjì sínú abọ́ tó jọra, ó ní kí ẹlòmíì kọ nọ́ńbà sí wọn nídìí, gbogbo ilé wá tọ́ ọ wò láìmọ èwo ni ti ta. Ti Bọ́sẹ̀ ló wọlé. Ọkọ tó gbọ́n á ní òun ti gbàgbé èsì ìdánwò. Ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Gààrí ló mu fún ọjọ́ mẹ́ta.

Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá kan òun gan-an. Igba ilé ló yẹ kó wádìí, ní Nyanya àti agbègbè rẹ̀. Ẹyọ kan wà ní Orozo tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó kan ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọjọ́ tí yunifásítì dá fún un láti kó ìwé ìwádìí rẹ̀ wá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ sì ń dúró de oyè náà. Gbogbo àdúgbò ló ń pọnmi níbi kànga ẹlẹ́rọ. Ó bá kọ ọ́ pé ilé yẹn náà ń pọn ọ́n níbẹ̀.

Àìsàn ti dá ọ̀gá dùbúlẹ̀ nígbà náà; orí ibùsùn ọsibítù ló ti ka ìwé náà. Ìka rẹ̀ dúró lórí ilé Orozo, tí kò ní orúkọ ẹni tó dáhùn.

"Ilé yìí, ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

Fẹ̀yìntọlá wolẹ̀. "Ọ̀gá, ẹyọ kan péré nínú igba! Kí ló fẹ́ bàjẹ́?"

"Bó o bá fi dá ara rẹ lóhùn lẹ́ẹ̀kan, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́."

Kò fọwọ́ sí i. Fẹ̀yìntọlá bínú jáde, kò tilẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dókítà Paul, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olóògbé, pè é. "Mú ìwé yẹn wá, màá fọwọ́ sí i. Ọ̀la ni wọ́n máa parí gbígba ìwé. Mo ti gbọ́ ti ilé kan yẹn; ta ló fẹ́ mọ̀?"

Fẹ̀yìntọlá na ìwé náà sí i, ó tún fà á padà. "Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́, Sà." Ó wọ bọ́ọ̀sì Orozo.

Ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn dún, ìyá arúgbó kan, ará Kàbà tí wọ́n ń pè ní Màmá Rosemary, yọjú pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kí n tó dẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn á ti lọ."

"Omi wo lẹ̀ ń mu, Mà? Ṣé ti kànga ẹlẹ́rọ ni?"

"Kànga kẹ̀? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Mẹ́rúwà tó ń ta omi ló ń fi ọmọlanke ti tèmi wá. Tí kò bá wá, mo ń mu omi òjò."

Fẹ̀yìntọlá fa ìlà lé èyí tó ti kọ, ó kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín pa á, ó rín in, ó rín in, omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

"Yéè, kí ló dé? Ṣé omi mẹ́rúwà ò dáa ni?"

"Kì í ṣe omi, Mà. Ọ̀gá mi ló jàre, ó sì ti kú kí n tó lè sọ fún un."