Lẹ́tà Tí Mo Fẹ́ Fi Pamọ́

Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ náà. Mo rántí bí mo ṣe ń ka ibùdó kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní D, èyí tí mo wọ̀ láti òpópónà Grand Concourse lọ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ kejì ni mo máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti sọ ìtàn ayàwòrán ilé kan, ará ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ káfíńtà ni. Òkè ilé búrẹ́dì ló fi ṣe ọ́fíìsì. Ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yà. Olùkọ́ mi ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé ìkàwé ìlú ló dára jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà. Olùkọ́ yìí kan náà ló máa buwọ́ lùwé kí n tó gboyè ọ̀mọ̀wé.

Àmọ́ mo ti rí lẹ́tà kan. Ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, pé àbúrò òun obìnrin ló ya ilé ìkàwé náà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Mo fẹ́ fi lẹ́tà náà pamọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù kí n má gboyè nìkan. Ìtìjú wà níbẹ̀, ti ọmọ tó já àgbà nírọ́ ní gbangba, ojú sì tún ń tì mí pé mo jẹ́ ojo. Ìyá mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Co-op City, ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ mi lóun nìkan.

"Kúnlẹ̀ kó o tó lanu. Òyìnbó ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ á mọ̀."

Èmi tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Olùkọ́ mi rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Arúgbó ni, síbẹ̀ ó di tábìlì mú, òun náà wálẹ̀, ó ń bá mi wá a lábẹ́ àga. Ibẹ̀ la wà tí mo fi na lẹ́tà náà sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Sọ ọ́ lọ́la," ló wí. "Tó o bá fò ó, èmi fúnra mi ni mo máa bi ọ́ nípa rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ní kí n fa òun dìde.

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì níwájú gbogbo wọn, mo sì gboyè. Ní báyìí, mo ń ya àtẹ̀gùn ilé ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan ní Manhattan, ẹ̀rù ṣì ń bà mí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ro ti obìnrin tó ya ilé ìkàwé yẹn. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rù tó bí mo ṣe bẹ̀rù ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé ó fọwọ́ kan pẹ́ńsù rí.