Ó Ti Mọ́ Mi Lára

Kí n tó máa rojọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ara mi ṣe rí. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Takisí tí mo wọ̀ láti Ìfàkì ló gbókìtì pẹ̀lú wa, tí eegun ẹ̀yìn mi ṣẹ́, tí okùn inú rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Aránṣọ ni mí. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń wa ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ wá di ohun tí ẹlòmíràn ń bá mi gbé kiri bí ẹrù.

Ìyá mi ló kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yẹ́. Òun ló ń yí mi láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò má baà dá sí mi nídìí. Òun ló ń da ìtọ̀ inú àpò rọ́bà nù. Òun náà ló ń wọ ìbọ̀wọ́, tó ń bá mi yọ ìgbẹ́, nítorí pé ìgbẹ́ kì í dá jáde fúnra rẹ̀ mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ògiri ni mo máa ń kọjú sí títí á fi parí. Ní báyìí, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣòfófó àwọn ará ìjọ.

Ìyá mi ti fi omi gbígbóná tẹ ikùn ọlọ́mọ tuntun púpọ̀ láyé rẹ̀, kò sì tíì sí àìsàn tó gbà pé omi gbígbóná ò lè bá sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, á gbé kẹ́tùlù kaná, á ri tówẹ̀lì bọ inú omi, á fún un, á sì máa fi tẹ ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ọmọ ìka. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa bi mí pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?" Èmi á ní rárá. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ìbéèrè kan náà ni.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí inú ń bí mi. Òjò ló rọ̀ mọ́jú, òrùlé ò jẹ́ kí n sùn. Ìyá mi gbé tówẹ̀lì rẹ̀ dé, ó tún bi mí. Mo dojú bo pílò, mo ní, "Màmá, ó ti mọ́ mi lára." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ìbéèrè yẹn ti di bárakú, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n etí ìyá mi kò mú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ohùn tèmi náà kò sì jáde dáadáa. Ohun tó gbọ́ ni pé mo ti mọ̀ ọ́n lára.

Tówẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ti gbọ́ uná! Ọlọ́un mi o, ẹsẹ̀ ti gbọ́ uná!" Ó ti dé ìta kí n tó gbórí sókè.

Mo la ẹnu láti pe é padà. Àfi bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣe fò. Ó tún fò, ó wá ń gbọ̀n bí ìgbà tí mo bá ń wa ẹ̀rọ. Wọ́n ti sọ fún mi ní ọsibítù pé irú rẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀, pé iṣan ló ń dá fò, pé kì í ṣe èmi ni mo rán an níṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ àkókò yẹn gan-an? Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní bóyá ìyá mi ti gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ìyá ìjọ ti kún pálọ̀, orin ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn sunkún lórí fóònù, ó ní ká mú ọjọ́ ìdúpẹ́. Mo ń ṣe àmín, mi ò sì mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹsẹ̀ mi kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá dijú, nǹkan kan á máa rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, jẹ́jẹ́, bí èèrà. Bí mo bá wò ó, á lọ. Bí mo bá gbójú kúrò, á tún dé. Ṣé òtítọ́ ni, àbí ọpọlọ mi ló ń tàn mí? Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú.

Ìyá mi ní tirẹ̀ fi kún iná abẹ́ kẹ́tùlù. Ó ní ẹsẹ̀ tó ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ńṣe la ó pariwo sí i. Nígbà tí ojúgun mi wú tí omi kún inú rẹ̀, ó ní awọ àtijọ́ ló ń bó, tuntun ló ń bọ̀. Mo wo ojúgun náà. Ó pọ́n, ó ń ṣomi, kò sì dùn mí rárá. Bí mo bá mọ omi lára, ṣé kò yẹ kí egbò dùn mí ni?

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá pààrọ̀ rọ́bà ìtọ̀ mi ló ká wa mọ́ ọn. Ó ká aṣọ kúrò, ó kígbe. "Màmá, ta ló se ẹsẹ̀ yìí báyìí? Bó bá jó wọlé ju èyí lọ, á dé eegun. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e ni?"

Ìyá mi fárí gá. "Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ ọ́n lára. Bi í! Ọmọ mi, ṣé urọ́ ni mo ń pa?"

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo fẹ́ sọ pé rárá, mo sì fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó jáde ni, "Mi ò mọ̀."

"Ó dáa, àǹtí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ dijú. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ sọ fún mi."

Mo dijú. Mo ń gbọ́ àdúrà tí ìyá mi ń gbà sábẹ́ ẹnu. Mo dúró, mo dúró. Ó wá dé, kedere báyìí, ìka kan tó tutù, ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi.

"Ó ti dé! Ọ̀tún ni! Ọmọ ìka!" Ẹkún ti gbà mí kí n tó lajú.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lápò. Látìgbà tí mo ti dijú ló ti kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kàn mí rárá. Ìyá mi sì wà níbẹ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n lára," ni mo ń wí. "Màmá, mo mọ̀ ọ́n lára." Ẹ bi mí lónìí, n ó búra.

Ìyá mi kò bá mi jiyàn. Ó wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìró rẹ̀ nu omi ojú mi. "Ọmọ mi, má sọ fún mi mọ́," ló wí. "Èmi ni n ó máa wò ó." Ojú rẹ̀ ni mo ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà lórí itan rẹ̀.