Orin Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Àpò Ìran

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń kọ ìran sílẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Òkìtìpupa. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan lójú ìsìn, tí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òun ni yóò lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé fúlúsíkáàpù. Ohun tí aríran bá sọ ni yóò kọ. Kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò. Ìran kan, ìwé kan, kò sì gbọdọ̀ sí orúkọ aríran níbẹ̀. Yóò ká a sí mẹ́rin, yóò fi í sínú àpò funfun kan, ó di Ọjọ́rú kí àgbà ìjọ tó kà á síta fún àdúrà.

Mo máa ń sọ fún un pé òun gan-an ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ oníròyìn tí mo ń ṣe.

Á ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè pa ẹnu mọ́ lórí ohun tí ẹ ò rí."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà wà ní yunifásítì nínú ìlú wa níbẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí Sátidé tí kì í wálé. Ní ọ̀kan nínú àwọn Sátidé wọ̀nyẹn, ó gbàgbé ìwé kan sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ṣí i. Orin òyìnbó ló kún inú rẹ̀, ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, ó sì ya agbárí òkú sí etí ìwé. Òyìnbó ẹ̀gbọ́n mi kò jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó dá mọ̀ níbẹ̀ ni sàréè, òkùnkùn àti ẹ̀jẹ̀.

Ìṣojú mi ló ti pè é lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́. Ìkálẹ̀, ẹ̀ka èdè ilẹ̀ wa, ni wọ́n sọ síra wọn. Èmi ni mo yí i sí èyí tí gbogbo wa máa gbọ́.

"Ta ló kọ irú orin yìí?"

"Mọ́mì, àwọn òyìnbó kan ni. Hẹ́fì mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é."

"Kí ni wọ́n ń wá ní sàréè?"

"Ó ní ìtumọ̀, Mọ́mì. Kì í ṣe bó ṣe rí lójú ìwé yẹn."

"Ó dáa. Ọjọ́ méje lo máa lò ní ilé àdúrà. Àwọn àgbà á bá ẹ wá ìtumọ̀ ẹ̀ níbẹ̀."

 Ọmọ náà ní, "Bí ẹ bá mú mi lọ síbẹ̀, mi ò ní wálé mọ́. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni màá wà títí màá fi jáde." Kò pariwo. Ohun tó já mi láyà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Ó ní, "Ó máa wá." Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, fún ẹni méjì. Ọmọ kò yọjú. Ó bo ti ọmọ náà mọ́lẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó tó gbé e fún aládùúgbò.

Ní ọjọ́ Ajé ó ránṣẹ́ pè mí. "Ìwọ lo gbọ́ òyìnbó. Mú orin kan nínú ìwé ọmọ yìí, èyí tó burú jù, kí o túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń kọ ìran. Má bá wọn tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ti èṣù, màá gbé e fún Bàbá, àgbà ìjọ wa, ní Ọjọ́rú kí wọ́n wá mú ọmọ náà. Bí kì í bá ṣe ti èṣù, èmi ni màá lọ bẹ ọmọ mi."

Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹnu ẹnì kan kí n dákẹ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ lọ bá ọmọ náà ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó fi okùn etí fóònù rẹ̀ kan sí mi létí, orin náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ ekùrọ́ ní Àkótógbò ni mo rò pé wọ́n tàn, tí ẹnì kan sì há sínú rẹ̀.

"Kí lo rí nínú èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹkù, gbogbo èèyàn ló ń béèrè. Bí ariwo yẹn bá ti wà níta, orí mi á dákẹ́ nínú. Òun ni mo fi ń sùn nígbà ìdánwò."

"Sàréè tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkùnrin kan ni. Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ló wó lu àbúrò rẹ̀, àwọn ọ̀gá bá dí ojú ihò náà pa, wọn ò gbé òkú jáde. Òun ló ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀." Ó ṣí fóònù, ó fi ibi tí àwọn olólùfẹ́ orin náà ti ń jiyàn hàn mí. "Ẹ wo èyí, ó ní èṣù ló ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ dé ẹsẹ̀ kejì ni."

Mo fẹ́ sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. "Mi ò ní kí o mú ìtumọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo ní kí o kọ."

Mo jókòó sí tábìlì rẹ̀, fúlúsíkáàpù tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun náà ni mo lò:

*Mo fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀, mo ń wá ẹni tí ẹ ní kí n gbàgbé. Ẹ má tan iná fún mi. Ẹni tó mọ̀ mí wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ èékánná mi ni mo fi kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò ní yé kàn án.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá ló máa gbọ́ èyí." Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò funfun tí àwọn ìran wà, kó lè yọ ọ́ fún Bàbá lẹ́yìn ìsìn.

Ní Ọjọ́rú, èmi náà bá a lọ kí n lè ṣe ẹlẹ́rìí. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sẹ́yìn. Àgbà ìjọ náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, na ọwọ́, ó gba àpò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bó ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó ka ìran kan lórí ìrìn àjò, ó ka òmíràn lórí aláboyún. Ó ṣí ẹ̀kẹta. "Mo fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀…"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sẹ́yìn wò mí: orin náà ni Bàbá ń kà mọ́ ìran. Èmi tí mo máa ń bi gómìnà ní ìbéèrè, mi ò lè dìde.

Obìnrin kan dìde ní ìlà àárín, ìyá kan láti Àjàgbà tó ń ta epo pupa. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni ìran yẹn ń bá wí." Ọkọ̀ ojú omi ni àbúrò rẹ̀ wọ̀ lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ àwọn Ìjọ́ tó ń gbé ẹ̀bá omi nígbà òjò. Ọkọ̀ padà, ó dojú dé. Wọn kò rí òkú. "Gbogbo yín ní kí n gbàgbé. Ẹ ní mo ń di àwọn ọmọ mi lọ́wọ́. Ọlọ́run ló tún wá béèrè rẹ̀ yìí." Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Àwọn obìnrin rọ̀gbà yí i ká, ìjọ kọrin fún un títí ohùn fi há.

Nígbà tí ìsìn parí, ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi lọ sílé. Ó ní, "Bí mo bá dákẹ́, mi ò tún lè gbé bírò yẹn mọ́." Ó wọlé tọ Bàbá lọ, mo tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀, ó rò ó látòkè délẹ̀.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Orin?"

"Orin ni, Bàbá. Ti ọmọ mi. Mo fẹ́ fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín ni."

"Àwọn òyìnbó tó ń ké bí ẹran yẹn?"

"Àwọn náà ni, sà," ni mo fèsì.

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe ìran. Ẹ má fà á ya. Èmi ni màá sọ fún obìnrin yẹn, èmi ni mo kà á." Ó tún fi awò rẹ̀ sójú. "Ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ mú wá ńkọ́?"

"Kò sí ẹjọ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ sùn mọ́, sà."

Ó sọ fún ìyá elépo náà lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀. Ìyá náà rò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kọ orin yẹn, òun náà pàdánù èèyàn, àbí? Ẹ bá mi kí i."

Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó sọ kò gùn. "Kò sí ilé àdúrà. Mo ti ka orin ẹ, mo sì ṣi ọ́ gbọ́. Má bínú."

Mi ò gbọ́ èsì. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí bí ẹni tó gbà.

Ọmọ náà dé ní Sátidé pẹ̀lú báàgì ọjọ́ kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìyá rẹ̀ na ọwọ́ gba okùn etí, ó ti ọ̀kan bọ etí. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ ewúro, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ títí orin náà fi tán.

"Ariwo yìí pọ̀ o, ìwọ ọmọ yìí."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Èwo ló kàn nínú ìwé yẹn? Sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́."

Ọmọ náà sún mọ́ ọn lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní Ìkálẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìyá rẹ̀ ń bi í ní ìbéèrè. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.