Ọ̀gágun Quimby Tí Kò Mú Ọkọ̀ Kankan

Portsmouth ni wọ́n bí Erastus Quimby sí, ìlú tí wọ́n bí èmi náà sí. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ aṣòfin ló wá iṣẹ́ ológun ojú omi fún un. Bí ìgbì bá ti mi ọkọ̀ díẹ̀, Quimby á dojú dé garawa, á máa bì. Síbẹ̀ ipò rẹ̀ ń ga, torí bí àgbà kan bá kú, ẹni tó kàn ni wọ́n ń gbé sókè, ì báà jẹ́ òmùgọ̀.

Báyìí ló ṣe di ọ̀gá ọkọ̀ wa, tí ìjọba rán wa sí etíkun Áfíríkà pé ká máa mú àwọn tó ń kó ẹrú. Èmi ni káfíńtà ọkọ̀ náà. Àmọ́ erékùṣù Madeira ló wu Quimby. Wáìnì wà níbẹ̀, kò sì sí ibà. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ tí a jàjà dé etíkun, ọkọ̀ kan yọ. Kó tó sún mọ́ wa ni òórùn rẹ̀ ti dé: òórùn ìgbẹ́, àti ti èèyàn tí wọ́n há mọ́ inú òkùnkùn. Jabez Hurd, olórí àwọn atukọ̀, sáré bá Quimby nídìí oúnjẹ.

"Ọ̀gá, ẹrú ló kó! Ẹ jẹ́ ká lé e!"

Quimby ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ. "Àsíá ibo ló ta?"

"Tiwa, sà. Àwa gan-an la láṣẹ láti wọ inú ẹ̀."

"Ará ilé wa ni nígbà yẹn. Ṣé ẹrù ará ilé wa la ó máa tú? Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ, jàre."

Hurd jáde, ó tutọ́ sómi. "Ọ̀gá kọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń kọjá, a gbọ́ igbe ọmọdé nínú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, Quimby dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ròyìn bí òun ṣe bá àwọn olówò ẹrú jà. Àwọn obìnrin ń sunkún. Hurd nahùn láti ẹ̀yìn:

"Ọkọ̀ mélòó lẹ mú, sà?"

Quimby bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, pásítọ̀ sì yára dá orin.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé láàárín Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ wa, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Quimby. Ó jókòó sílé títí ìbọn fi dákẹ́, wọ́n sì tún fi oyè kún oyè rẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n yin àgbá, wọ́n gbé idà rẹ̀ lé pósí, idà tí kò gé nǹkan kan rí àfi kéèkì ìgbéyàwó rẹ̀. Mo lọ wò ó. Hurd kò wá. Ó ní ẹja ń jẹ ìwọ̀ dáadáa láàárọ̀ yẹn.