Tìróò Ogójì Ọjọ́ Hanifah

Ẹni tó bá wọ ọjà Ẹ̀pẹ́ tó bèèrè Fàlílátù onítìróò, ọmọdé gan-an á mú un dé ìsọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ òkúta tìróò títí á fi kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Nílé wọn, ìyá bàbá ló máa ń kọ́kọ́ lé tìróò fún ọmọ tuntun, ní ogójì ọjọ́. Nígbà tí Wùnmí, ìyàwó Mujeeb ọmọ rẹ̀, wá bí Hanifah ní Ìgbògbò, Fàlílátù ń retí ọjọ́ náà bí ẹni ń retí oṣù ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá Wùnmí ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àdúgbò kejì lòun ń gbé. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń para fún un, òun ló ń pọ̀n ọ́n. Kí obìnrin náà wúkọ́ lásán, ẹkún ọmọ á dá. Èyí tó dun Fàlílátù jù ni pé "Màmá" ni wọ́n ń pe ti ọ̀hún, "Màmá Ẹ̀pẹ́" ni wọ́n ń pe òun, bí àlejò tó ń dúró de ọkọ̀. Ó gbé e mì. Ó ní tìróò òun ṣáà ń bẹ.

Láàárọ̀ ogójì ọjọ́, bó ṣe yọ ìgò tìróò jáde báyìí, ìyá Wùnmí fa ọmọ mọ́ àyà. Ó rọra ṣàlàyé pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ fáwọn ìyá ọmọ: májèlé òjé wà nínú tìróò, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Fàlílátù rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ìyá Wùnmí, ẹ ti gba kànìnkànìn, ẹ gba ìpara, ẹ gba ọ̀já. Ojú nìkan ló kù fún mi. Ojú náà lẹ tún fẹ́ gbà?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, àna mi. Ìjọba ni."

"Ìjọba wo ló mọ ọmọ ọmọ mi? Mujeeb tí mo lé tìróò fún, ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni?"

Wùnmí ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀ wá sí ibùdó ìlera àdúgbò ní Wẹ́sìdeè pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ohun tí wọ́n ń fi sára ọmọ wò, kí wọ́n jọ lọ. Kíá ni Fàlílátù gbà. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ìpara inú ike tí kò lórúkọ, tí àna rẹ̀ fi ń para fún ọmọ, ló fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Àfi kí wọ́n bá nǹkan níbẹ̀!

Aisha lorúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ dà bíi draya onídìrí. Ó nà án sí ìpara, kò rí nǹkan kan. Òrí lásán ni. Ó nà án sí tìróò, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ni òjé. Bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kò ní jáde. Ẹ dúpẹ́ pé kò tíì kan ojú ọmọ."

Fàlílátù wojú ìyá Wùnmí, ó ń wá ẹ̀rín níbẹ̀. Ìbá sàn kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló dì í lọ́wọ́ mú, ó ní wọ́n lé e fún òun náà nígbà òun wà ní kékeré. Àánú yẹn ta á lára ju ata lọ. Ó gbé ìgò náà lé Aisha lọ́wọ́. Ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ó ní òun ò ní tà á mọ́, kánún àtọṣẹ dúdú á bọ́ òun.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ìyá Wùnmí gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kalẹ̀. Kó tó fìdí kan àpótí, Fàlílátù ti jókòó síbẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi."

"Ó máa ń ké tọ́wọ́ bá yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó ké. Mi ò bá ìjọba jà, tìróò ti lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbọ́dọ̀ jẹ́ tèmi lára ọmọ yìí."

Ìyá Wùnmí di ọmọ mú ṣinṣin, ètè rẹ̀ le. Fàlílátù mọ ojú yẹn, ojú tóun náà ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí ni. Họ́wù, obìnrin yìí náà ń jowú òun! Inú rẹ̀ dùn, kò lè purọ́.

"Màmá," Wùnmí sọ lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ gbé e fún wọn."

Ìyá Wùnmí gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Hanifah figbe ta. Fàlílátù bu omi, ó ń fọ abíyá rẹ̀, ó ń kọrin sí i létí. Ìyá Wùnmí dúró sẹ́yìn rẹ̀ gbagidi.

"Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú dáadáa."

"Mo bí mẹ́fà, àna mi."

"Omi yẹn ti ń tutù."

"Ẹ yáa bá mi bu gbígbóná sí i wá."

Ìyá Wùnmí pòṣé, ó sì lọ bù ú wá.